Bẹ́ ẹ ṣe lè dá agbo orin aláìlo-máíkì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta jìtá, fáólìn, fèrè àti ìlù, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́, ìfẹ́ orin ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ìdí òwò yìí, àmọ́ tó bá yá gbogbo ẹ̀ á di owó tó wọlé, ọjà tó tán, ọjà tó kù, èèyàn á wá lo odindi ọ̀sẹ̀ láàárín ohun èlò orin láìgbọ́ orin kan tó wọni lára. Ohun tí mo mọ̀ tó ń wo àìsàn yẹn ò ju pé kẹ́ ẹ ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù, kẹ́ ẹ sún ọjà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ to àga, kẹ́ ẹ pe àwọn èèyàn wá kọrin lójúkojú, láìsí máíkì, láìsí sípíkà, ohùn, igi àti okùn nìkan. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń ṣe é, kò sí ohun tí mò ń retí tó o láàárín oṣù. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe tiyín rèé.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu lọ́kàn yín pé ìrọ̀lẹ́ yẹn kì í ṣe ti ọjà. Ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, orin ò tíì parí tán oníṣọ́ọ̀bù ti gbé jìtá tuntun dé, ó ti ń sọ iye tó máa yọ kúrò lórí ẹ̀, ẹni tó wá ṣeré á sì rí i pé wọ́n fi orin dẹ pàkúté fóun ni. Ẹ pa POS, ẹ bo káńtà. Tí okùn jìtá ẹnì kan bá já, ẹ fún un ní òmíì, kó mú owó ẹ̀ wá nígbà tó bá ráyè. Ọjà á tà o, mi ò ní kò ní tà, ṣùgbọ́n ọjọ́ míì ló máa tà, torí ẹni tó bá ti gbé fáólìn yín dání láàárín èèyàn, tó gbọ́ bó ṣe ń dún mọ́ tàwọn tó kù, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló máa fi padà wá.

Ọ̀nà méjì lẹ lè gbé e gbà. Ẹ lè ní kí wọ́n máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fẹ́ kọrin á kọ orúkọ sílẹ̀, á bọ́ síwájú, á kọ orin méjì tàbí kó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, ẹlòmíì á bọ́ síbẹ̀. Ìyẹn rọrùn láti darí, ó sì dáa fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Tàbí kẹ́ ẹ ṣe agbo, kí gbogbo èèyàn jókòó yíká kí wọ́n kọjú síra wọn, kí orin máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, ẹni tó bá kàn á mú orin wá, àwọn tó kù á gbè é. Agbo ni mo fara mọ́, mi ò fi bò. Tí ẹnì kan bá wà níwájú tí àwọn tó kù jókòó tí wọ́n ń wò ó, wọ́n á wòran tán wọ́n á lọlé, wọn ò ní mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì wọ́n. Nínú agbo, ẹni tí kò lè lu nǹkan kan á pàtẹ́wọ́, á gbe ègbè, ojú á kojú, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá dáa fún agbo kan. Tí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ ṣe ìlà méjì, inú àti ẹ̀yìn, ẹ má kàn máa fẹ agbo náà lọ títí. Yàtọ̀ sí pé ó máa pẹ́ kó tó kan èèyàn, ìró náà ń rìn ni, bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí agbo bá wá fẹ̀ tó mítà 10, ohun tí ẹni òdìkejì ń gbọ́ ti pẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ó jọ nǹkan kékeré àmọ́ olúkúlùkù á máa dúró de ẹnì kejì, bíìtì á máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kò sì sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó fà á. Ẹ sún mọ́ra, kí orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

Ó wá kan yàrá fúnra ẹ̀. Ẹ dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, kó dún dáadáa. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ “tatatata” lẹ́yìn ẹ̀, ògiri méjì tó kọjú síra wọn tí nǹkan kan ò sí lára wọn ló ń ju ìró náà síra wọn, jìtá tí wọ́n bá lù níbẹ̀ á máa dún gooro-gooro létí, ọ̀rọ̀ orin ò sì ní ṣe é gbọ́ yékéyéké. Kò gba owó ńlá. Ẹ ta kọ́tìnnì tó nípọn sí ọ̀kan nínú ògiri méjèèjì, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kódà àwọn báàgì jìtá onífóòmù tẹ́ ẹ ń tà, ẹ kó wọn jọ síbẹ̀, wọ́n máa ń mu ìró gan-an. Ara èèyàn náà ń mu ìró, ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù tó ń han nígbà tó ṣófo fi máa ń rọ̀ létí tó bá kún, torí náà ẹ má fi aṣọ bo gbogbo ibẹ̀ tán kí wọ́n tó dé, ẹ jẹ́ kí ògiri kan wà lásán, ẹni tí ohùn ẹ̀ ò ròkè, ẹ jẹ́ kó kẹ́yìn sí ògiri yẹn, ògiri á bá a gbé ohùn ẹ̀ síwájú.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù irú tiwa yìí, yàrá míì ò ní irú ẹ̀. Àwọn okùn tó wà lára ògiri ń gbọ́. Tí ẹnì kan bá lu jìtá nínú agbo, tàbí tó gbé ohùn kan síta tó sì dúró lé e, okùn tó bá ní ohùn yẹn lára àwọn jìtá tẹ́ ẹ gbé kọ́ á máa gbọ̀n, á máa dún, kò sí ọwọ́ kankan lára ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé tí mo bá ti ilẹ̀kùn tán mo máa ń kọ orin sí ògiri yẹn kí n tó lọlé, màá wá dákẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń dáhùn. Àmọ́ tí agbo bá ti bẹ̀rẹ̀ ó lè da orin rú, ẹ ki aṣọ rírọ̀ sí abẹ́ okùn àwọn tó sún mọ́ agbo jù. Ìlù snare ni kẹ́ ẹ ṣọ́ ju gbogbo wọn lọ, torí wáyà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ máa ń han ṣààà ní gbogbo ìgbà tí ohùn tó rinlẹ̀ bá jáde, ẹ já irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wálẹ̀ kí wáyà náà má kan awọ mọ́.

Ẹ pa fáànù, ẹ pa AC, ẹ pa fìríìjì tó bá wà nítòsí nígbà tí orin bá ń lọ. Ìgbà tẹ́ ẹ bá pa wọ́n lẹ máa tó mọ̀ pé ariwo wọn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín orin kan sí èkejì ẹ lè tàn án padà kí ooru má pa èèyàn.

Torí pé kò sí máíkì, ibi tí èèyàn bá jókòó sí ni volume ẹ̀. Ní gbangba, tẹ́ ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí nǹkan tó ń dún, ìró ẹ̀ á fi décibel 6 lọ sílẹ̀ (décibel ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe ròkè tó), nínú yàrá kì í tó bẹ́ẹ̀ nítorí ògiri ń dá díẹ̀ padà, síbẹ̀ etí yín máa gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹ wá fi ìyẹn to ìjókòó. Jìtá olókùn náílọ́ọ̀nù àti ukulele (jìtá kékeré olókùn mẹ́rin), ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ẹni tó ń kọrin àti àwọn tó ń gbọ́, jìtá olókùn irin lè wà lẹ́yìn díẹ̀, ìlù àti tìróḿpẹ́ẹ̀tì kí wọ́n jìnnà sí wọn, kí ẹni tó ń lù fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ìka lù ú dípò igi. Òfin tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé tó ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹni tó ń kọrin, ìwọ lò ń pariwo jù.

Ó tún wá kan ọ̀rọ̀ ohùn tó bára mu, ibẹ̀ ló ti ń gba sùúrù. Igi ń mu ọ̀rinrin, àwa tá à ń ta jìtá mọ̀ pé bíi 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó dáa fún un, ọ̀pọ̀ wa sì ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n lára ògiri. Kí ogún èèyàn wá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú èémí wọn, ooru ara wọn, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa, afẹ́fẹ́ á ti yí padà. Ooru á jẹ́ kí okùn irin dẹ̀, ohùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọ̀rinrin á jẹ́ kí igi wú, ìyẹn náà á máa tì í sókè. Jìtá tẹ́ ẹ tíúnì nírọ̀lẹ́ kí èèyàn tó dé ò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá jókòó tán. Ẹ tíúnì nígbà tí gbogbo èèyàn ti wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe é lẹ́yìn orin kejì. Lẹ́tà A dé G la fi ń pe àwọn ohùn orin, ohùn A tó jẹ́ 440 Hz, ìyẹn tó ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ká jọ fi ṣe òdiwọ̀n, òun náà ni ẹ̀rọ tíúnà tó ń há sórí jìtá sábà máa ń wà lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọwọ́ lè ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lọ sí 442, ẹni yẹn á sì máa rò pé gbogbo agbo ló ń ṣìnà. Tí píánò, accordion tàbí harmonica bá wà, wọn ò lè yí tiwọn padà lójú ẹsẹ̀, kí àwọn tó kù bá wọn lọ. Onífèrè ńkọ́, fèrè tó tutù máa ń lọ sílẹ̀, kó fẹ́ èémí gbígbóná sínú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó bá àwọn yòókù ṣe é.

Kíì wo, ìyẹn ohùn tí orin fi ṣe ilé, ni ká lò? Kíì tó bá ọ̀fun ẹni tó fẹ́ kọrin mu ni, òun ló ni àṣẹ. Jìtá fẹ́ràn G, C, D, A àti E torí pé okùn tí wọn ò tẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti fáólìn tiẹ̀ ni pé okùn ẹ̀ gan-an ni G, D, A, E, tí ohùn olórin bá wá bọ́ síbòmíì, kápò wà, nǹkan kékeré tó ń tẹ gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan kí ohùn wọn lè ròkè, ẹ fi há ọrùn jìtá. Ohun tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìdààmú ni pé kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà pe kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí wọ́n ń lù pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, 1, 4, 5. Ẹni tó bá ti mọ dò-rè-mí ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, 1 ni dò, 4 ni fà, 5 ni sò. Tó bá jẹ́ kíì G, ó di G, C, D, tó bá jẹ́ A, ó di A, D, E, ẹni tó fi kápò há tiẹ̀ náà ò ní sọnù. Ẹni tó mú orin wá á máa na ìka sókè, ìka kan, ìka mẹ́rin, ìka márùn-ún, ẹni tí kò gbọ́ orin yẹn rí látọjọ́ tó ti dáyé á tẹ̀ lé e. Orin tó jẹ́ pé kọ́ọ̀dù mẹ́ta yìí nìkan ló wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí odindi alẹ́ lè gbà lọ.

Ẹni tó mọ jìtá tó wá mú ukulele lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ò yàtọ̀ sí okùn mẹ́rin tó tín-ín-rín jù lára jìtá tí wọ́n bá fi kápò sí ojú karùn-ún, torí náà tó bá tẹ ohun tó ń pè ní G, C ló máa dún. Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ sọ ti ukulele yìí díẹ̀, torí ó wọ ohun tá à ń sọ. Lọ́dún 1879 ni ọkọ̀ ojú omi Ravenscrag kó àwọn ará erékùṣù Madeira ti ilẹ̀ Pọ́túgà dé Honolulu ní Hawaii, iṣẹ́ oko ìrèké ni wọ́n bá wá, jìtá kékeré tí wọ́n ń pè ní machete sì wà lọ́wọ́ wọn. Ká tó sọ pé kí ni, ìwé ìròyìn Hawaiian Gazette ti ń kọ ọ́ pé wọ́n ń kọrin lójú títì lálaalẹ́, pé inú àwọn èèyàn sì ń dùn sí i. Káfíńtà mẹ́ta wà lára wọn, Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo, wọ́n parí iṣẹ́ oko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun èlò orin tà, ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn ló di ukulele. Ojú títì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ṣọ́ọ̀bù tó dé.

Òfin agbo ò gbọ́dọ̀ pọ̀, ẹ fẹnu sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bíi ti ilé ìwé. Ẹni tó kàn ló ni orin, òun á sọ kíì, òun á bẹ̀rẹ̀, òun á parí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe lè ní kó kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé òun, kẹ́nikẹ́ni má sì bi í pé kí ló dé. Tí ẹnì kan bá ń dá lù, kí àwọn tó kù rọra, kí wọ́n fi bíìtì nìkan gbé e. Tí ẹlòmíì bá ń sọ̀rọ̀ nípa orin tó fẹ́ kọ, kí ọwọ́ kúrò lára okùn, torí kò sí ohun tó ń pa agbo bíi kí ẹnì kan máa ta okùn kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí ẹlòmíì ń sọ tinú ẹ̀. Tí orin bá fẹ́ parí, kí ẹni tó ni ín gbé ẹsẹ̀ kan sókè níwájú, gbogbo èèyàn á rí i, wọ́n á jọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń dùn mọ́ wọn nínú pé àwọn tí kò mọra rí jọ parí orin pa pọ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni kẹ́ ẹ tọ́jú jù. Wọ́n á dúró síbi ilẹ̀kùn, wọ́n á ní àwọn kàn wá wò ni, jìtá sì wà lẹ́yìn wọn nínú báàgì. Ẹ má fi tipátipá fà wọ́n o, ẹ fún wọn ní àga ní ìlà ẹ̀yìn, lẹ́yìn ẹni tó ń lù kedere tí ọwọ́ ẹ̀ ò yá jù, kí wọ́n máa wo ọwọ́ ẹ̀. Kọ́ọ̀dù kan péré ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa mú, bí 1 bá dé kí wọ́n lù ú, bí kì í bá ṣe 1 kí wọ́n dúró. Nígbà tó bá fi máa di orin kẹta ẹ̀rù á ti dínkù, wọ́n á ti mú 5 mọ́ ọn. Mo ti rí i tí àgbàlagbà tó ní ọwọ́ òun ti le fi ọ̀nà yìí wọ agbo, mo sì ti rí ọmọdé tó gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ tí kò fẹ́ dá a padà mọ́. Ẹ tún gbé ohun èlò méjì mẹ́ta tó lágbára kalẹ̀ fún ẹni tó bá dé lọ́wọ́ òfo, kì í ṣe èyí tó ti bàjẹ́ o, èyí tó ń dún dáadáa, torí jìtá tí okùn ẹ̀ ga kúrò lára ọrùn máa dun ẹni tó ń kọ́ ní ìka, á sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù náà, ẹ jókòó. Ẹ má lọ fara pamọ́ sẹ́yìn káńtà kẹ́ ẹ máa ka owó. Ẹ fi ẹlòmíì sídìí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ mú àga nínú agbo, nígbà tó bá kàn yín kẹ́ ẹ kọ orin tẹ́ ẹ fẹ́ràn, bó ti wù kó mọ. Ẹ máa gbọ́ nǹkan tí sípíkà ò lè fún yín, ìka tó ń fà lórí okùn, èémí tí olórin fà kó tó gbé ẹsẹ orin kejì, ìyàtọ̀ láàárín ohùn àwọn jìtá tẹ́ ẹ ti ń nù lójoojúmọ́ láìgbọ́ wọn. Ìgbà míì jìtá kan á ti pẹ́ lára ògiri, kò sẹ́ni tó yà sí i, ẹnì kan á wá gbé e nínú agbo, á fi ìka lù ú jẹ́jẹ́, gbogbo èèyàn á yíjú sí i. Inú mi máa ń dùn ju ìgbà tí mo tà á lọ.

Àwọn nǹkan tó kù ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín ṣáájú, ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa parí, kẹ́ ẹ sì parí lásìkò náà, wákàtí méjì tó, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín torí inú ìsinmi yẹn lọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé nǹkan dí ọ̀nà àbájáde, ẹ má sì kó èèyàn wọlé ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún ilé náà. Tí wọ́n bá máa kọ orin tí ẹlòmíì ní, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní àjọ tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin, bíi PRS ní Bìrìtìkó, SACEM ní Faransé àti ASCAP ní Amẹ́ríkà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ṣọ́ọ̀bù yín nílò lọ́wọ́ ti ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ wò ó bóyá ìńṣọ́ránsì yín gba ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá pe olórin kan wá láti ṣí agbo, ẹ gbé fìlà tàbí àpótí kalẹ̀, gbogbo ohun tó bá bọ́ síbẹ̀ tiẹ̀ ni, ẹ má yọ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Fídíò sì rèé, ẹ gba àṣẹ kí fóònù tó jáde, ẹni tó ń kọrin síta fún ìgbà àkọ́kọ́ lè má fẹ́ kí ayé rí i.

Tí wọ́n bá lọ tán, ẹ nu gbogbo okùn tí ọwọ́ kàn, òógùn ló ń jẹ́ kí wọ́n dípẹtà, ẹ yẹ ẹ̀yìn jìtá wò bóyá bẹ́líìtì tàbí bọ́tìnì ha á, ẹ yọ aṣọ tẹ́ ẹ ki sábẹ́ okùn kúrò kẹ́ ẹ tó gbé wọn kọ́. Ọjọ́ tó kàn, ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó jáde, kó sì jẹ́ ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, bí Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, kó má di pé èèyàn ń pè yín béèrè. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́ta péré ló dé lóṣù tó ń bọ̀, ẹ to àga mẹ́rin kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lásìkò.